Eyín iwájú tó ṣú àti àlàfo ẹ̀gbẹ́ ẹnu: ìtọ́jú wo ló yẹ kó ṣáájú?

Àdùkẹ́ Aránṣọ (Lágéré, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ eyín ni mo gbé wá síbí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ bá mi fara balẹ̀ gbé e yẹ̀ wò. Àbúrò mi obìnrin, tí ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ mi ní Lágéré, fẹ́ ṣègbéyàwó nígbà tí ọdún yìí bá ń parí lọ. Nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó sì fi ẹnu gbá sìmẹ́ńtì. Eyín iwájú tí ó fara gbá a kò yọ, kò sì dùn ún mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀, ó sì ti wá di aláwọ̀ eérú báyìí. Eyín mìíràn tún wà lápá ọ̀tún lókè, lẹ́yìn èyí tí ó rí ṣóńṣó, tí wọ́n yọ nígbà tí ó jẹrà. Ibẹ̀ ṣófo títí di òní. Àwọn eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdọ̀tí pupa rẹ́súrẹ́sú nítòsí èrìgì, ẹ̀jẹ̀ a sì máa yọ bí ó bá ń fọ ẹnu láàárọ̀.

Ó ti rí fídíò àwọn tí wọ́n fi veneer, ìyẹn èèpo tín-ínrín tí a ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín, bo gbogbo eyín iwájú wọn, èyí nìkan ni ó sì ń bẹ̀ mí sí. Ẹlòmíràn ní kí ó máa fi èédú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Bí oníbàárà bá pa á lẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ni ó fi ń bo ẹnu. Mo fẹ́ kí ó lè rẹ́rìn-ín fàlàlà lọ́jọ́ ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a fi owó wa ra àrùn. Kí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe? Èwo nínú àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí ni ó sì máa ń pẹ́ lẹ́nu?

Ìyá Ìbejì (Modákẹ́kẹ́)

Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín. Ohun kan péré ni mo ní í sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ ẹni tí ó ń fi eyín sí àlàfo láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan nínú ọjà, ẹ má tẹ̀ lé e. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣe é. Ọkùnrin náà da ìyẹ̀fun kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti èrìgì sínú ìdérí ìgò, ó da omi kan tí òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú lé e lórí, ó pò ó títí tí ó fi ki, ó sì fi lẹ eyín oníke mọ́ eyín méjèèjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ó ń gbóná mọ́ òun lẹ́nu bí ó ti ń le. Láti ọjọ́ náà, kò ṣeé yọ, abẹ́ rẹ̀ kò ṣeé fọ̀, gbogbo oúnjẹ tí ó bá jẹ ni ó ń há síbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, èrìgì wú, ó ń ṣọyún. Nígbà tí dókítà eyín yóò fi fi ẹ̀rọ gé nǹkan náà kúrò, eyín méjèèjì tí kò ní àrùn kankan tẹ́lẹ̀ ti ń mì. Àlàfo kan ni ó fẹ́ dí, eyín mìíràn méjì ni ó wá ń tọ́jú báyìí.

Oníṣègùn Eyín (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Irú ohun tí ẹ sọ yẹn kò ṣọ̀wọ́n rárá lẹ́nu iṣẹ́ wa, mo sì dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́ bí ó ti rí.

Àdùkẹ́, dókítà eyín ni mí, ìlú yìí ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. N kò lè sọ pàtó ohun tí ó ń ṣe ẹni tí n kò yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àlàyé tí ẹ ṣe kún tó láti fi ọ̀nà hàn yín. Ìbéèrè tí mo máa ń rọ àwọn tí wọ́n ń wá ẹwà eyín pé kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà, kí wọ́n tó béèrè iye owó, ni pé: kí ni ìtọ́jú yìí yóò gbà kúrò lára eyín mi? Awọ òde eyín, tí ó le ju egungun lọ, kì í hù padà bí wọ́n bá ti fá a kúrò. Nítorí náà, ìtọ́jú tí kò gba nǹkan kan lára eyín ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí a tó máa lọ sí èyí tí ó ń gba díẹ̀, kí a sì fi èyí tí ó ń gba púpọ̀ ṣe ìkẹyìn, bí ó bá pọn dandan.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń yọ yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀. Èrìgì tí ara rẹ̀ dá kì í ṣẹ̀jẹ̀ nítorí búrọ́ọ̀ṣì. Ìdọ̀tí tí ẹ rí lára eyín ìsàlẹ̀ ti gan mọ́ eyín, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè gbé e kúrò. Ìdí tí ó fi máa ń pọ̀ lẹ́yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀ ju ibòmíràn lọ ni pé abẹ́ ahọ́n níbẹ̀ gan-an ni ihò tí itọ́ ń gbà jáde sí ẹnu wà, ohun líle tí ó wà nínú itọ́ a sì máa dì mọ́ ìdọ̀tí tí a kò fọ̀ kúrò. Wọ́n yóò fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ ní ilé ìwòsàn, wọ́n yóò sì dán eyín náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sá fún èyí nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń jẹ́ kí eyín yẹ̀, tàbí pé ó ń lani láàárín eyín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí náà ni ó ti gba ibi tí èrìgì wà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e kúrò, àyè tí ó ti jẹ ni ènìyàn ń rí. Bí a bá fi í sílẹ̀ ni yóò máa jẹ èrìgì àti egungun lọ títí eyín yóò fi yẹ̀ ní tòótọ́. Kò sí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò lẹ ohunkóhun mọ́ eyín nígbà tí èrìgì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí lẹ́ẹ̀mù mú.

Èyí tí ó jẹ mí lógún jù ni eyín tí ó ṣú. Nígbà tí ọmọdé bá fi ẹnu gbálẹ̀, iṣan àti ẹ̀jẹ̀ inú eyín lè já ní ìdí gbòǹgbò, kí inú eyín náà kú láìjẹ́ pé eyín mì. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀ yóò wọ inú àwọn ojú ihò tín-ín-tín tí ó wà nínú ara eyín, òun ni ó sì ń mú un ṣú láti inú wá sóde. Ẹ má tìtorí pé kò dùn ún rò pé ara eyín náà yá. Kòkòrò àrùn lè wà ní ìdí gbòǹgbò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfọhùn, kí ó wá wú lójijì ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó. A óò fi ohun tútù kàn án láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń gbọ́ ìrora, a óò sì ya àwòrán X-ray. Bí inú rẹ̀ bá ti kú, a óò lu ihò kékeré lẹ́yìn rẹ̀, níhà ahọ́n, a óò fọ inú gbòǹgbò rẹ̀ mọ́, a óò sì dí i. Bí ó bá jẹ́ pé gbòǹgbò náà kò tí ì dàgbà tán nígbà tí ó ṣubú, ìdí rẹ̀ lè ṣì là sílẹ̀, ìtọ́jú náà yóò sì gba sùúrù díẹ̀ sí i, nítorí a ní láti kọ́kọ́ dí ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a lè sọ ọ́ di funfun láti inú. A óò fi ohun líle kan dí ẹnu gbòǹgbò náà kí oògùn má baà sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀, a óò fi oògùn tí ń bó àwọ̀, tí a pò mọ́ omi, sínú ihò ẹ̀yìn eyín, a óò bò ó, a óò sì ní kí ó padà wá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá ti ṣe èyí nígbà mélòó kan, ọ̀pọ̀ irú eyín bẹ́ẹ̀ ni ó ń padà sún mọ́ àwọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè tún ṣú díẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a sì lè tún un ṣe. Ẹ wò ó pé a kò fá iwájú eyín náà rárá.

Bàbá Olùkọ́ (Ìjọ̀fì, Iléṣà)

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ìgbéyàwó náà yóò dùn, yóò sì lárinrin. Jẹ́ kí n sọ ti àlàfo nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo eyín àtọwọ́dá, èyí tí a ń yọ tí a sì ń fi sí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, itọ́ ń pọ̀ lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ tí ó bá ní «s» nínú sì ń sín jáde. Dókítà ní kí n máa ka ìwé sókè nínú ilé lójoojúmọ́, ahọ́n mi sì mọ ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó pẹ́.

Ohun tí wọ́n kọ́ mi tí n kò fi ṣeré rèé. N kì í fi sùn, nítorí èrìgì ní láti gba afẹ́fẹ́ lóru. Inú ife omi tútù ni ó ń sùn sí. N kì í fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, nítorí yóò ṣẹ́ kọ́rọ́, kò sì ní bá ẹnu mu mọ́. Bí mo bá sì ń fọ̀ ọ́, mo máa ń bu omi sínú bàsíà lábẹ́ ọwọ́ mi, kí ó lè jẹ́ pé inú omi ni yóò já bọ́ sí bí ó bá yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, kì í ṣe orí sìmẹ́ńtì. Ní tèmi, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ayé lè fẹ́ èyí tí kò ní máa yọ lálaalẹ́, kí dókítà bá wa sọ èyí tí ó wà.

Táyọ̀ (ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, OAU)

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó dà bí ẹni pé a ń dẹ́rù ba ọmọbìnrin náà nípa veneer. Ẹnì kan tí mo mọ̀ lọ ṣe é ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, eyín rẹ̀ funfun, ó sì tò rẹ́gírẹ́gí. Bí ènìyàn bá ní owó rẹ̀, kí ló dé tí kò fi ní ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dípò kí ó máa fi oògùn bó ọ̀kan, kí ó máa dí èkejì? Mo tún fẹ́ béèrè: èmi ní èjí, ọ̀rẹ́ mi sì ní kí n lọ dí i. Ṣé veneer ni yóò gbà?

Oníṣègùn Eyín (Ilé-Ifẹ̀)

Táyọ̀, ìbéèrè rẹ dára, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń rò bẹ́ẹ̀.

Veneer gidi jẹ́ èèpo tín-ínrín, tí wọ́n sábà máa ń fi tánganran ṣe, tí a ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín. Kí ó má baà yọrí síta jù, a sábà máa ń fá nǹkan bí ìdá mẹ́ta sí ìdá méje nínú mẹ́wàá mìlímítà kan kúrò níwájú eyín. Ìyẹn kò pọ̀ bí ẹni tí ó ṣe é bá mọ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń sáré lọ sókè òkun kì í ṣe veneer, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Crown ni, èyí tí ó ń bo eyín yíká bí fìlà, tí ó sì lè gba mìlímítà kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ eyín. Eyín tí kò ní àrùn yóò wá ku kùkùté. Inú eyín mìíràn a máa kú lẹ́yìn irú fífá bẹ́ẹ̀, èyí tí yóò sì gba ìtọ́jú gbòǹgbò lábẹ́ ìbòrí tuntun.

Kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó wà títí láé. Veneer tánganran tí a tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 10 sí 15, òmíràn a sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ṣe é ní ọmọ ọdún 24 yóò pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó darúgbó, eyín yóò sì máa dínkù nígbà kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò máa san owó ìyẹn, ibo ni yóò sì ti máa ṣe é bí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é bá wà ní Tọ́kì? N kò sọ pé veneer kò dára. Ẹni tí oògùn tetracycline ti sọ eyín rẹ̀ di aláwọ̀ eérú oníla nígbà tí ó wà lọ́mọdé, tí oògùn bíbó kò ràn, tàbí ẹni tí awọ eyín rẹ̀ ti jẹ lọ púpọ̀, lè jàǹfààní rẹ̀ gidigidi. Fún ọmọbìnrin tí eyín kan péré ṣú, n kò rí ìdí tí a ó fi fá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá.

Ní ti èjí rẹ, kọ́kọ́ bi ara rẹ bóyá ìwọ ni o fẹ́ kí ó lọ, àbí ọ̀rẹ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ka èjí sí ẹwà, èmi náà sì wà lára wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni, a lè dí i láìfá nǹkan kan. Ní ọdún 1955, Michael Buonocore, oníṣègùn eyín ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fi ásíìdì díẹ̀ kan awọ òde eyín fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ yóò rí jàgajàga, ohun tí a fi ń dí eyín yóò sì lè dì í mú. Orí ìmọ̀ yìí ni iṣẹ́ composite dúró lé, ìyẹn ohun rírọ̀ aláwọ̀ eyín tí a ń tò lé eyín díẹ̀díẹ̀, tí a ń fi iná aláwọ̀ búlúù mú le, tí a sì ń dán. Ó lè parí láàárín ìjókòó kan. Obì, tíì àti kọfí máa ń mú un yí àwọ̀, ó lè ṣẹ́ létí, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì tó ti tánganran, ṣùgbọ́n ó ṣeé dán padà, ó ṣeé tún ṣe, eyín rẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí Ọlọ́run ti dá a.

Màmá Kọ́lá (Iléṣà)

Ẹ kú àlàyé, Dókítà. Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín, àwọn tuntun tí ó sì ń hù ní àmì funfun, ọ̀kan ní àmì pupa rẹ́súrẹ́sú. Ṣé kí n máa fi èédú ha á?

Oníṣègùn Eyín (Ilé-Ifẹ̀)

Rárá o, Màmá Kọ́lá. Inú awọ eyín ni àmì náà wà, kì í ṣe orí rẹ̀. Èédú yóò máa ha awọ tí ó dára lọ, ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń fi kún un yóò sì máa jẹ ẹ́ nítorí ásíìdì inú rẹ̀. Bí awọ òde bá ti tín-ínrín, àwọ̀ ìyeyè tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò hàn síta, eyín yóò sì tún pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú àmì bẹ́ẹ̀ lè wá láti inú ibà líle nígbà tí eyín ń dàgbà nínú egungun, tàbí láti inú fluoride tí ó pọ̀ jù nínú omi mímu. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni mìlígíráàmù 1.5 nínú lítà omi kan. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Ó ṣeé mú dínkù láìfá eyín púpọ̀, ṣùgbọ́n ti veneer kò tí ì yá fún ọmọdé. Ẹ rí i pé ọṣẹ ìfọyín tí ó ń lò kò ju ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kékeré kan lọ, kí ó sì máa tu ú dà nù, kí ó má gbé e mì.

Nísinsìnyí, ti àlàfo tí Bàbá Olùkọ́ bi mí. Bàbá, ẹ ṣeun, ìtọ́jú tí ẹ ń fún eyín yín yẹ kí gbogbo ènìyàn kọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni a sábà máa ń gbà dí i. Èyí tí ẹ ń lò ni àkọ́kọ́: owó rẹ̀ kò pọ̀, ó yá láti ṣe, kò sì ba eyín kankan jẹ́ bí ó bá bá ẹnu mu. Èkejì ni bridge, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí a so mọ́ ìbòrí tí ó gun orí eyín méjèèjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í yọ, ṣùgbọ́n a ní láti fá eyín méjèèjì yíká. Bí wọ́n bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń fẹ́ ìbòrí, ó bọ́gbọ́n mu. Bí wọ́n bá dá ṣáṣá, ó máa ń dùn mí láti fá wọn.

Ẹ̀kẹta ni implant, ìyẹn ìṣó kékeré onírin títáníọ̀mù tí a ń de mọ́ inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí a wá ń gbé eyín lé lórí. Brånemark, onímọ̀ ará Swídìn, ni ó ṣàkíyèsí pé egungun ń dàgbà mọ́ títáníọ̀mù, ó sì fi í sí ẹnu aláìsàn àkọ́kọ́ ní ọdún 1965. Kò fọwọ́ kan eyín ẹ̀gbẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju gbogbo ìyókù lọ, egungun sábà máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ó tó dì í mú, egungun ibi tí eyín ti yọ sì máa ń dínkù bí ọdún ti ń lọ, nítorí náà ó lè jẹ́ pé a ní láti fi kún un. Ẹni tí ó ń mu sìgá, tàbí tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò sí lábẹ́ ìtọ́jú, ní láti tún ọ̀ràn náà rò. Fún àbúrò Àdùkẹ́, bí àkókò kò bá tó, kí ó fi eyín tí ó ṣeé yọ ṣe ìgbéyàwó rẹ̀. Kò dí implant lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Àdùkẹ́ Aránṣọ (Lágéré, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ìgbọ́ àbúrò mi, ó sì ti gbà pé kí a fi veneer sílẹ̀. A ti pinnu pé a ó lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ti OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì OAU níbí. Ó kù díẹ̀ tí ó rú mi lójú. Ó fẹ́ kí gbogbo eyín tí ó kù náà funfun sí i díẹ̀. Ṣé kí a kọ́kọ́ ṣe ìyẹn ni, àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe eyín àtọwọ́dá tán? Báwo sì ni ènìyàn ṣe ń mọ dókítà gidi bí ó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn aládàáni ni ó lọ?

Oníṣègùn Eyín (Ilé-Ifẹ̀)

Inú mi dùn sí ìpinnu yín. Bíbó àwọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí oògùn náà kì í ran eyín àtọwọ́dá, kì í ran composite, kì í sì í ran tánganran. Bí ẹ bá ṣe eyín àtọwọ́dá kọ́kọ́, àwọ̀ tí eyín rẹ̀ ní lónìí ni wọn yóò ṣe é bá mu, yóò sì ṣókùnkùn láàárín àwọn yòókù nígbà tí wọ́n bá funfun tán. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ eyín rẹ̀ ná, kí èrìgì san, kí wọ́n tọ́jú gbòǹgbò eyín tí ó ṣú. Lẹ́yìn náà, wọ́n yóò ṣe àwo rírọ̀ tí ó bá eyín rẹ̀ mu, yóò máa fi oògùn carbamide peroxide tí kò le, bí ìdá 10 nínú 100, sínú rẹ̀, yóò sì máa fi í sẹ́nu lálẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Eyín lè máa ta á bí ó bá mu omi tútù ní àkókò yẹn, yóò lọ. Ẹ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn kí àwọ̀ náà tó dúró, kí lẹ́ẹ̀mù sì lè mú dáadáa bí composite bá wà nínú ohun tí wọn yóò ṣe. Bí ó bá lóyún, kí ó dúró ná.

Ní ti dókítà aládàáni, àjọ ìjọba tí ń jẹ́ Medical and Dental Council of Nigeria ni ó ń forúkọ oníṣègùn eyín sílẹ̀, ọdọọdún ni a sì ń tún ìwé àṣẹ wa ṣe. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n fi hàn yín, kò sì sí ẹni tí ó ní in tí yóò bínú. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye owó ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tètè lọ, kí ó tó di pé ọjọ́ ìgbéyàwó dé tòsí, nítorí eyín tí ó ṣú yẹn lè gba ìpàdé púpọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ mú àwọ̀ eyín àtọwọ́dá náà, kí ó lọ láàárọ̀, kí ó má kun ètè, kí ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó nínú dígí lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń wọlé, kí ó tó gbà pé ó bá àwọn eyín òun mu.